Ìránṣẹ́ Kan, Ilé Méjì: Dopamíìnì nínú Ọpọlọ àti nínú Kíndìnrín



Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ kan wà nínú ara wa tí ń jẹ́ dopamíìnì. Òun kì í pa iṣẹ́ tí a rán an dà. Ẹni tí ó gbà á ni ó ń túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ń gba iṣẹ́ náà lára sẹ́ẹ̀lì ni èmi yóò máa pè ní olùgbà.

Ní 1979 ni Kebabian àti Calne pín àwọn olùgbà yìí sí ọ̀nà méjì, D1 àti D2. Lónìí, márùn-ún ni a mọ̀: D1 àti D5 ń mú kí cyclic AMP pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, D2, D3 àti D4 ń dín in kù. Ǹjẹ́ ti ọpọlọ yàtọ̀ sí ti kíndìnrín bí? Rárá o. Márààrún ni a ti rí nínú kíndìnrín pẹ̀lú. Ibùgbé wọn ni ó yàtọ̀. Nínú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì kan ni ó ń tu dopamíìnì sí èkejì, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè ṣe bí a ti fẹ́; bí àwọn tí ń pèsè rẹ̀ bá ń kú, àrùn Parkinson dé. Ṣùgbọ́n àwọn páìpù tín-ín-rín inú kíndìnrín ń fúnra wọn ṣe dopamíìnì láti inú L-dopa tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá, D1 ara wọn a sì jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ jáde. Bí ètò yìí bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru lè tẹ̀ lé e.

Odi kan wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí dopamíìnì kò lè là kọjá, ṣùgbọ́n L-dopa ń là á kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń fi L-dopa wo aláìsàn Parkinson.

Níhìn-ín ni mo ti ní ẹ̀bi láti jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé dopamíìnì díẹ̀ tí a fà sínú ẹ̀jẹ̀ a máa dáàbò bo kíndìnrín aláìsàn tí ó wà nínú ewu, nítorí mo rí i tí ìtọ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2000, àwọn oníṣègùn Australia àti New Zealand gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí aláìsàn tí ó lé ní 300: kò dáàbò bò ó rárá. Olùgbà gba iṣẹ́ náà lóòótọ́, iyọ̀ àti omi sì jáde. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò wo àìsàn tí ń pa kíndìnrín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣègùn, ẹ má ṣe ka ìtọ̀ púpọ̀ sí ìwòsàn bí mo ti ṣe.