Ẹ̀KỌ́ ÒṢÌṢẸ́ ỌLỌ́RUN KÌ Í TÁN

 

Ní ọjọ́ ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́ kí a dárúkọ àwọn tí ó ṣáájú wa. Ó tọ́ pẹ̀lú kí a bèèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà di ẹni tí ó lè ṣáájú. A kì í bí olórí ìjọ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Títọ́ ni a ń tọ́ ọ. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ìlú rẹ̀. Ní oṣù April, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, a sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ náà ni ó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù December, ọdún 1825. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́. Ní ọdún 1841 ó bá àwọn tí a rán lọ sí Odò Ọya rìn. Ní ọdún 1843 a fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ ìdáǹdè rẹ̀ títí di ọjọ́ oyè náà, ọdún mọ́kànlélógún ni. Kò fi ìkánjú di olórí.

Nígbà tí ó sì jẹ oyè tán, kò pa ìwé dé. Ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1852 fi hàn bí ó ti dẹ etí sí òwe àwọn àgbà. Ní ọdún 1864 ni a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí èdè Tápà jáde. Ẹ kíyèsí i, ará: ẹni tí a ń pè ní Olúwa mi Bíṣọ́ọ̀bù ṣì ń jókòó bí ọmọ ilé-ìwé níwájú èdè ẹlòmíràn!

Apá kejì ìtàn náà ni ó kàn wá jù. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Crowther ní àwọn tí ó tọ́ ọ láti ìgbà èwe. Lẹ́yìn tí ó sì di àgbà, Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., dúró tì í bí baba títí Venn fi kú ní ọdún 1873. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Èkó ni ilé Bíṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sì máa ń wọ̀ láti bẹ̀ wọ́n wò, kí Míṣọ̀n tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1878. Àwọn kan nínú wọn ṣubú. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì dé láti Ìlú Òyìnbó, wọ́n fi ọwọ́ líle wádìí iṣẹ́ náà, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ dúró. Ní Oníṣà, ní oṣù August ọdún 1890, baba arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 31 oṣù December, ọdún 1891. Òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ìdájọ́ wọn le ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ìbínú wa má ṣe bo ẹ̀kọ́ mọ́ wa lójú: òṣìṣẹ́ tí a rán lọ tí a kò bẹ̀ wò, fìtílà tí a kò bu epo sí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin katikíìsì, ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, mo fi ohun mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Èkíní, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ìwé kíkà àti àdúrà. Ẹni tí kò gbà kò lè fi fúnni. Èkejì, ẹ ní ẹnìkan tí ó lè bá yín wí ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ má sì bínú sí i. Ẹ̀kẹta, ẹ ní ọ̀dọ́ kan tí ẹ ń tọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Olórí tí kò ní àtẹ̀lé, eérú ni yóò fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, a ti kọ́ ilé, a ti ra agogo. Ẹ jẹ́ kí a ya owó sọ́tọ̀ pẹ̀lú fún ìwé àti ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àti fún ìbẹ̀wò àwọn tí ó wà ní abúlé. Nípa èyí ni àwọn tí yóò pé jọ ní igba ọdún yóò mọ̀ bóyá a fẹ́ràn wọn.

Kí Ẹ̀mí Mímọ́ tí í ṣe Olùkọ́ wa máa kọ́ wa títí dópin. Àmín.