Ìhunjọ Ojú àti Ìpara Inú Páálí

Àwọn ìyá ni ó béèrè ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní alẹ́ yìí, wọn kò sì fi ṣeré: ìpara tí a ń tà ní ọjà, tí a kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé yóò mú ìhunjọ kúrò lójú, ṣé òtítọ́ ni tàbí ẹ̀tàn? Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ilé ni, nítorí a mọ ohun tí àwọn kan ń san lórí ìgò kékeré kan; ọ̀rọ̀ ìlera sì ni pẹ̀lú, bí ẹ ó ti gbọ́.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń hun awọ jọ. Kí olúkúlùkù wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì wo abẹ́ apá rẹ̀ lókè, níbi tí aṣọ ń bò. Ọjọ́ kan náà ni a bí àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan jọ ti àgbà ju èkejì lọ. Oòrùn ni ó fà á. Lábẹ́ awọ òkè ni àwọn fọ́nrán tíntìntín wà, tí a ń pè ní collagen, tí wọ́n ń fa awọ le bí ọṣán ti í fa awọ dùndún le. Ọjọ́ orí ń dín wọn kù, èyí kò sì ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn ń já wọn ṣáájú àkókò. Àwọ̀ dúdú wa ni agboòrùn tí Ẹlẹ́dàá fi bò wá, ìdí sì nìyí tí ìhunjọ fi ń pẹ́ kí ó tó dé ojú wa ju ti àwọn òyìnbó lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ó wá ku ìpara. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣe ju ohun tí òrí láti ìhà Ṣakí ń ṣe: wọ́n ń pa omi mọ́ sí awọ òkè. Ata gbígbẹ tí a rẹ sínú omi a máa wú, ara rẹ̀ a sì jọ̀lọ̀. Bí omi bá gbẹ tán, a tún hunjọ. Bẹ́ẹ̀ ni ojú tí a fi ìpara pa ní òwúrọ̀ rí. Kì í ṣe ohun burúkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe. Àwọn mìíràn kọ ọ́ sára ìgò pé collagen wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n collagen tóbi ju ohun tí ó lè gba inú awọ kọjá lọ, orí awọ ni ó ń jókòó sí títí a ó fi wẹ̀ ẹ́ nù.

A kò gbọdọ̀ tìtorí pé a fẹ́ kìlọ̀ kí a purọ́: oògùn kan wà tí ó ń ṣiṣẹ́. Tretinoin ni orúkọ rẹ̀, inú ẹbí fítámì A ni ó ti wá. Dókítà Albert Kligman ní Philadelphia ń fi í wo irorẹ́. Àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú wọn wí fún un pé ojú àwọn ń jọ̀lọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ jáde ní 1986. (Ọkùnrin yìí kan náà ni ó fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg dán oògùn wò fún ọdún pípẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Kò yẹ kí a dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ kí a má sọ ìyẹn.) Ní 1988 àwọn dókítà ní Michigan fi oògùn náà pa apá kan ènìyàn 30 fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n sì fi ìpara lásán pa apá kejì, láìjẹ́ kí a mọ èwo ni èwo, apá tí ó gba oògùn ni ó sàn jù. Ní 1995 ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i. Síbẹ̀ ìhunjọ wẹ́wẹ́ ni ó ń dín kù, oṣù púpọ̀ ni ó ń gbà, a máa ta ni lára, ó sì lè fi àbàwọ́n dúdú sí ojú ẹni dúdú. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ọwọ́ dókítà ni kí a ti gbà á, kì í ṣe lórí àtẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí: ìpara tí ń bó ara wà lórí àtẹ, tí a fi orúkọ ìpara èwe bò mọ́lẹ̀. Hydroquinone wà nínú òmíràn, mẹ́kúrì tí ń ba kíndìnrín jẹ́ wà nínú òmíràn, oògùn sitẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol sì wà nínú òmíràn. Sitẹ́rọ́ìdì a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí ọgbẹ́ bá wà, òwú dókítà kì í fẹ́ dì í mú. Ní 2023 àjọ NAFDAC kéde pé bíbó ara ti di ọ̀ràn pàjáwìrì ní ilẹ̀ wa. Ẹ sì rántí agboòrùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: òun gan-an ni ìpara wọ̀nyí ń ṣí kúrò lórí wa. Obìnrin tí ó rò pé èwe ni òun rà ní ọjà, ogbó ni ó gbé wálé.

Bí ẹ bá bi wá pé kí ni kí a wá ṣe, ìdáhùn wa kò gbówó lórí. Ní Nambour, ní ilẹ̀ Australia, a pín àgbàlagbà 903, tí wọn kò tí ì pé ọdún 55, sí ọ̀nà. Àwọn kan ń pa ìpara ìdènà oòrùn lójoojúmọ́, àwọn ìyókù ń lò ó bí ó ti wù wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àbọ̀, awọ àwọn ti ìṣáájú gbó níwọ̀n 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn kejì. 2013 ni a tẹ èyí jáde. Òyìnbó ni púpọ̀ wọn, ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ni ó ń ran lórí ebè iṣu wa. Àwọn bàbá wa tí ń dé akẹtẹ̀ lọ sí oko kò ṣe àṣejù, ìyá tí ó sì ta agboòrùn sórí àtẹ rẹ̀ ń tọ́jú ojú rẹ̀ ju ẹni tí ó ra ìgò mẹ́ta lọ.

Fún ẹni tí ó ti ń pa ìpara tí ń bó ara láti ọjọ́ pípẹ́, a bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe kó ìtìjú bá ara rẹ̀, kí ó má sì jáwọ́ lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú tí sitẹ́rọ́ìdì ti mọ́ lára lè pọ́n, kí ó sì wú nígbà tí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó gbé páálí náà lọ sí ilé ìwòsàn bí ó ti wà, kí dókítà ka ohun tí a kọ sára rẹ̀, kí ó sì sọ bí a ó ti máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.