Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́, Tí Ọtí sì ń Pè

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìjọ kan láti ẹ̀ka Johannesburg sọ ní Àpéjọ wa, tí a tẹ̀ síhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́)

  Nígbà tí Bàbá Alábòójútó ẹ̀ka wa sọ fún mi pé èmi ni yóò sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè pa ara rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọtí ní ìgbà àìríṣẹ́ṣe àti ìrẹ̀wẹ̀sì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn, ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nítorí pé n kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n ṣe yàn mí. Nítorí náà, ẹ má ṣe retí ìwàásù lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo ti kà àti èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ.

Iṣẹ́ akọ̀wé ẹrù ni mo ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní apá gúúsù ìlú yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba sé gbogbo ìlú mọ́lé láti ọjọ́ 27, wọ́n sì fi òfin de títa ọtí. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ọ̀gá wa pe àwa mọ́kànlá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì fún wa ní ìwé pé kí á máa lọ. N kò mu ọtí ní àkókò náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà mímọ́ ni ó fà á. Kò sí ibi tí a ti lè rà á ni. Àwọn aládùúgbò mi ń fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ṣúgà àti ìwúkàrà pọn ọtí nínú ike, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà, a ṣí àwọn ilé ìtajà ọtí padà. Mo ti wà lórí ìlà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ̀yin ará, mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà.

Ìyàwó mi wà ní Òṣogbo pẹ̀lú àwọn ọmọ. N kò sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́. Nígbà tí ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, n ó wẹ̀ ní òwúrọ̀, n ó wọ aṣọ iṣẹ́, n ó gbé àpò mi, n ó sì lọ jókòó ní Joubert Park, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí í ṣe Park Station, kí onílé mi má baà fura. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó padà bí ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ìgò kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láti fi pa ìtìjú náà. Kò pẹ́ tí ìtìjú náà fi di ìlọ́po méjì, nítorí pé mo ní láti máa fi ìgò pamọ́ pẹ̀lú. Owó tí ó yẹ kí n fi ránṣẹ́ sílé ni mo ń mu. Bí ìyàwó mi bá pè, n ó sọ fún un pé ọ̀gá kò tíì san owó oṣù. Mo ń parọ́ mọ́ ọ̀gá tí kì í ṣe ọ̀gá mi mọ́.

Àwọn baba wa ní ọ̀mùtí gbàgbé ìṣẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́ kì í gbàgbé ọ̀mùtí. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń jókòó dè é sí títí ojú rẹ̀ yóò fi dá. Mo fẹ́ kí ó yé wa pé ẹni tí kò ríṣẹ́ kì í sáábà mutí nítorí adùn. Ọjọ́ ni ó gùn jù fún un. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní aago tí ó ń jí, ó ní ọkọ̀ tí ó ń wọ̀, ó ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ bí kò bá dé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, gbogbo èyí bọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìletò kan ń bẹ ní ilẹ̀ Austria tí a ń pè ní Marienthal, níbi tí ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni ó ń bọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní nǹkan bí 1930. Àwọn olùwádìí lọ gbé àárín wọn, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1933. Wọ́n rí i pé àwọn tí àkókò ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn kò yá ìwé kà tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́, pé ìrìn ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin wọn lọ́ra, wọ́n a sì máa dúró léraléra lójú ọ̀nà tí kò jìn. Nígbà tí mo kà á, mo mọ ìrìn náà. Ìrìn tèmi ni ní Joubert Park.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò rí iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìṣirò ìjọba South Africa fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024 sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń wá a, bí 33 ni kò rí. Láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 15 sí 34, ó ju 45 lọ. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ àlejò bíi tiwa, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ń retí òǹtẹ̀, tirẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo àwọn ọkùnrin tí ń dúró ní ẹ̀bá títì, lẹ́bàá àwọn ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé, láti àárọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé lọ́wọ́, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tí ó bá rọra. Mo ti dúró láàrin wọn. Olúwa wa pa òwe nípa irú wọn nínú ìwé Mátíù orí 20, àwọn tí ó wà ní ọjà títí di wákàtí kọkànlá. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró láìṣiṣẹ́, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n. Baálé ilé náà kò bá wọn jiyàn. Ó gba ìdáhùn wọn gbọ́.

Ìlú tí a wà yìí pàápàá ní ìtàn pẹ̀lú ọtí, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Wúrà tí a rí ní 1886 ni ó bí Johannesburg. Ọdún mẹ́ta ṣáájú èyí ni a ti dá ilé ìpọntí kan sílẹ̀ ní Hatherley lẹ́bàá Pretoria, ọtí líle sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ibẹ̀ lọ síbi ìwakùsà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ni ibi ìwakùsà kò kórìíra rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá mu owó ọ̀yà rẹ̀ tán kò lè tètè padà sí abúlé rẹ̀. Yóò dúró ṣe iṣẹ́ oṣù mìíràn. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè dìde lọ síbi iṣẹ́ mọ́ ni wọ́n tó ké sí ìjọba, òfin 1896 sì ka ọtí léèwọ̀ fún àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀. Èèwọ̀ ọtí bí ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní shebeen. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ọtí, ó ń ta ọtí ọkà bàbà fún àwọn adúláwọ̀, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe ìnáwó àdúgbò àwọn tí ó ń mu ún. Ní 1962 ni a tó gbà wọ́n láyè láti ra ọtí òyìnbó. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé Soweto dìde ní oṣù kẹfà 1976, gbọ̀ngàn ọtí wà lára ohun tí wọ́n dáná sun, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó ọ̀yà bàbá wọn tí ó ń wọlé tí kì í jáde. Ilẹ̀ yìí kan náà sì ni Engenas Lekganyane ti dá ìjọ Zion Christian Church sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ìjọ tí kò gba ọtí tàbí tábà láàyè. Àwọn tí ẹ ń rí ìràwọ̀ ní àyà wọn nínú ọkọ̀ ni. Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bíi tiwa. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tí ó ń sọ pé kò sí bí tálákà ṣe lè gbé Johannesburg láìmutí.

Bàbá àgbà kan ní ẹ̀ka wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé n kì í kọrin mọ́. Mo kàn ń la ẹnu ni. Wọ́n tẹ̀lé mi délé ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Wọ́n rí àwọn ìgò lábẹ́ ibùsùn. Mo ń retí ìbáwí, mo tilẹ̀ ti ní èsì lẹ́nu. Wọ́n ní, “Ìgbà wo ni o jẹun kẹ́yìn?” Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, n kò rántí.” Wọ́n bọ́ agbádá wọn, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n ro ìyẹ̀fun àgbàdo lórí iná, wọ́n ní kí n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí n sùn, wọ́n sì jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n tó sọ ìtàn Èlíjà fún mi, bí ó ti sá lọ sí ijù, tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó sì ń tọrọ ikú. Áńgẹ́lì tí a rán sí i kò wàásù fún un. Àkàrà àti omi ni ó gbé wá, ó jẹ́ kí ó sùn, ó tún jí i láti jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí agbára rẹ̀ padà ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni ó sì fi rán an.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàbá wá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, mo sì ń rí ohun tí kò sí. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ohun tí dókítà sọ, nítorí pé ó lè gba ẹ̀mí là ní ẹ̀ka yín. Ẹni tí ó bá ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàrin wákàtí mélòó kan. Gìrì lè mú un ní ọjọ́ kìn-ín-ní tàbí ọjọ́ kejì. Ọpọlọ rẹ̀ sì lè dàrú lẹ́yìn èyí, ó sì lè kú. Kì í ṣe ẹ̀mí èṣù ni ó ń gbọ̀n ọ́n. Oògùn wà fún un. Nítorí náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ ní ilé àdúrà pé òun ti jáwọ́ lónìí, ẹ má ṣe tì í mọ́ yàrá, ẹ má sì fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá ní kí n pe ìyá àwọn ọmọ mi. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Bàbá Fúnmi, ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni ẹ fi ń pè mí.”

Mo ti kà nípa ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Bill Wilson, tí ọtí ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí ó ti jáwọ́ nígbà tí ó lọ sí ìlú Akron ní oṣù karùn-ún 1935 nítorí òwò tí ì bá gbé e dìde. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Ó dá dúró ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín láti ibi tí wọ́n ti ń mutí. Dípò kí ó wọlé síbẹ̀, ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí kò mọ̀ rí, ó ní kí ó júwe ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Báyìí ni ó ṣe bá Dókítà Bob Smith pàdé, ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dé South Africa ní 1946, ó sì ń ṣe ìpàdé ní ìlú yìí. Kíyè sí i pé kò wá ẹni tí yóò gba òun níyànjú. Ẹni tí ó wà nínú ìdààmú kan náà ni ó wá. Mo ti lọ sí ìpàdé wọn. Bàbá Alábòójútó mọ̀, wọn kò sì rí i bí ẹni pé mo fi ìjọ sílẹ̀.

Ẹ̀rí tí a máa ń jẹ́ níbí ni pé ẹnì kan fi ọtí sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e iṣẹ́ dé, a sì hó yèè. Inú mi a máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni ó bì mí ṣubú. Mo bá Ọlọ́run ná ọjà: èmi yóò fi ọtí sílẹ̀, Òun yóò fún mi ní iṣẹ́. Mo mú ìlérí mi ṣẹ fún ọdún kan ààbọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2022, a pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́ẹ̀mẹta ní ibì kan náà. Wọ́n gba ẹlòmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo mutí títí n kò fi mọ ọ̀nà ilé mọ́, mo ní Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ yẹ àdéhùn. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n ní, “Ta ló bá ọ kọ ìwé àdéhùn náà?” Láti ọjọ́ kejì ìṣubú náà di òní, n kò fi ọwọ́ kan ọtí. N kò tíì rí iṣẹ́ gidi. Mo ń kun ilé nígbà tí mo bá rí i kùn, mo ń fi ìwọ̀nba ránṣẹ́ sílé, ìyàwó mi sì mọ iye tí mo ń pa gan-an.

Àwọn ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ Àpéjọ kò pọ̀. Ní ọjọ́ ìkórè àti ìsọmọlórúkọ, àwọn kan nínú wa a máa gbé bíà kalẹ̀ “fún àwọn àlejò”. Ẹ jẹ́ kí èyí tán. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí a lè pè ní òru láìbẹ̀rù pé a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí pẹpẹ ní ọjọ́ Àìkú. Mo sọ obìnrin, nítorí pé àwọn ìyá tí ó ń mu ún ní kọ̀rọ̀ wà, a kàn ń díbọ́n ni. Kí a má ṣe ka orúkọ ẹni tí kò lè dá owó sétí ìjọ. Kí a sì fún ẹni tí kò ríṣẹ́ ní iṣẹ́ tí ó ní aago. Èmi ni Bàbá fi ṣe olùtọ́jú àga àti ohun èlò ìjọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ní láti ṣí ilẹ̀kùn kí n tó lọ sí ẹ̀bá títì, bí n kò bá sì ṣí i, àwọn tí ó wá gbàdúrà òwúrọ̀ yóò dúró síta. Kò sí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń retí mi.

Bàbá náà wà níhìn-ín, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí ó fẹ́ bá mi sọ ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìpàdé yìí, n ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn títí aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí pé èmi ni mo ń ka àwọn àga yìí padà sínú ọkọ̀.