Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àjùmọ̀lò fún Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Káńsù: Ẹjọ́ Tí A Kò Tíì Parí ní Lọ́ńdọ̀nù

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́, torí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí kọ̀ǹpútà máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni. Àjùmọ̀lò rẹ̀ ni pé káńsù, tàbí àwọn káńsù mélòó kan, so ilé-ẹ̀kọ́ wọn pọ̀, tí gbogbo wọn sì jọ ń gba ẹnu-ọ̀nà kan bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ tún gbé dìde lónìí: ta ló yẹ kó ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí káńsù? Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1988 kó owó kúrò lọ́wọ́ káńsù, ó kó o lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní 1990, ILEA tó ń ṣàkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àárín Lọ́ńdọ̀nù kógbá sílé. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé ọ̀gá ilé-ìwé ló mọ ohun tí ilé-ìwé rẹ̀ ń fẹ́, kí a fún un lówó kó lọ rà á. Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ọ̀rẹ́ mi sì ni wọ́n. Tó bá jẹ́ ti ìwé, àga àti bọ́ọ̀lù ni, òótọ́ ni wọ́n sọ. Lórí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ti ń bá wọn jà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní igba ọmọ kò lè gba ẹnjiníà sílé, oníṣòwò tó fẹ́ ta wáyà fún un kò sì rí ìdí tí yóò fi dín owó kù. Nígbà tí ìjọba Tony Blair gbé National Grid for Learning, ètò láti so ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo káńsù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló para pọ̀ dá London Grid for Learning sílẹ̀, tí wọ́n sì jọ ná ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní Bromley wá wà nínú àdéhùn kan náà pẹ̀lú èyí tó wà láàárín Westminster. Ta ló lè dá irú ìyẹn ṣe?

Owó nìkan kọ́ ni mo ń sọ. Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà lẹ́nu mi rí, ẹ ṣe sùúrù, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní nọ́ńbà àdírẹ́sì. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé láti 1994. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè lò ó. Oníṣòwò tó bá wá to ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fi 192.168.1 sí i, torí ohun tó bá nínú ráútà nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá dá dúró, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí a bá so ó pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kejì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibí àti sáfà ọ̀hún máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bí ilé méjì tó ń jẹ́ nọ́ńbà 20 ní òpópónà kan. Iṣẹ́ tí a rán kò mọ ilé tí yóò yà sí.

Ní káńsù kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí, bí a ṣe bá nǹkan nìyẹn. Màmá kan, ọmọ Jàmáíkà, ló bá wa tún un ṣe. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, wọ́n á gbé ìwé ńlá kan tí a kọ ìpín nọ́ńbà sí sábẹ́ apá, wọ́n á máa lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á máa yí nọ́ńbà padà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 la lò, torí wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún. Ilé-ẹ̀kọ́ kan gba 10.40.0 dé 10.40.7, ìyẹn nọ́ńbà 2,048; èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ láti 10.40.8. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, a ya ti akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀, ti ọ́fíìsì sọ́tọ̀, ti tẹlifóònù àti ti kámẹ́rà náà sọ́tọ̀, ètò kan náà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ gbogbo wọn, kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wò ó, a kò ra ohunkóhun. Ẹnì kan jókòó, ó kọ ìpín nọ́ńbà sílẹ̀, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà. Ibí yìí gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ tó dá ra tirẹ̀ kò ti rí ẹni bá pín nọ́ńbà. Ó sì dùn mí pé ẹ̀yin ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ kì í bèèrè ìwé ìpín nọ́ńbà yìí. Iye tábúlẹ́ẹ̀tì tí ilé-ẹ̀kọ́ rà lẹ máa ń bèèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà.

Àwọn kan á ní òfin Academies ti 2010, tó jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ lè jáde kúrò lábẹ́ káńsù, ti tú káńsù ká. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ lóòótọ́, Becta, àjọ ìjọba tó ń tọ́ wa sọ́nà lórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, sì parí ní 2011. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde náà tún jókòó, wọ́n tún ń so ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn pọ̀. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Alága ìpàdé ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára mẹ́nu ba nǹkan mẹ́ta tó kù. Ní ti ààbò ọmọ, láti 2015 ni òfin ti fi kún ojúṣe ilé-ẹ̀kọ́ láti dí ojú-ìwé burúkú. Ẹnu-ọ̀nà kan rọrùn láti ṣọ́ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ti ìyára, ìlànà ìjọba ni mẹ́gábíìtì 100 wíwọlé àti 30 jíjáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gígábíìtì kan fún girama. Ní ti tẹlifóònù oníwáyà bàbà, 2027 ni wọ́n dá fún òpin rẹ̀. Ẹ yẹ agogo iná àti tẹlifóònù inú lífítì yín wò, torí wọ́n lè wà lórí wáyà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bèèrè ìwé méjì: ìwé àdéhùn, kí ẹ mọ ọjọ́ tí yóò parí, àti ìwé ìpín nọ́ńbà. Bí wọn kò bá rí èkejì mú wá, ẹ má fọwọ́ sí owó wáyà tuntun kankan.