Ó Tó Gẹ́: Ìròyìn Tó Gba Orí Fóònù Wọlé

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn àti òṣèlú, wọ́n sì ní kí n má pẹ́.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn tí a wà nílé-ẹ̀kọ́, Rédíò Kwara, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn The Herald la mọ̀ ní Ìlọrin. Ìjọba ló ni gbogbo wọn. Ohun tí wọn ò bá mẹ́nu bà, àfi kí á gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ ní Ọjà Ọba.

Ẹ wá wo ọdún 2018. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa lásán ni "ó tó gẹ́". Ìyá tó ń bu ọbẹ̀ lè sọ ọ́ fún ọmọ tó ń na àwo. Ó bọ́ sórí WhatsApp àti Facebook, wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n ń fi í kọrin. Ẹni tí kò mọ̀wé náà ń gbọ́, ó ń fi ránṣẹ́ sọ́mọ rẹ̀ l'Ékòó. Kò pẹ́ tí rédíò ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2019, Bukola Saraki, Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, pàdánù ìjókòó rẹ̀ fún Ibrahim Oloriegbe. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, AbdulRahman AbdulRazaq wọlé gómìnà. N ò sọ pé fóònù ló dìbò o! Ìráhùn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fóònù kàn jẹ́ kí olúkúlùkù mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ráhùn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lóru ọjọ́ 16 oṣù kejì yẹn, ìròyìn dé sórí fóònù pé INEC ti sún ìbò síwájú. Mo ní irọ́ ni, mo bú ẹni tó fi í ránṣẹ́. Òótọ́ ni! Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi fúnra mi fi èsì ìbò kan sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa kí INEC tó kéde ohunkóhun. Irọ́ ni. Láti oṣù kìíní ọdún yẹn, WhatsApp ò jẹ́ kí á fi iṣẹ́ kan ṣọwọ́ síbi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́, ẹgbẹ́ wa kan ṣoṣo ti tó.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní fọ́ọ̀mù kìíní bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ?" Ìbéèrè olùkọ́ ìtàn wa gan-an nìyẹn. Bàbá, ẹ wà níbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Dípò kí n dáhùn, mo pè é ní ẹrú olóṣèlú. Ó jáde nínú ẹgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo pè é ní Jímọ̀ tó kọjá, mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì ṣetán àtipadà. Àga rẹ̀ ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ bá mi pè é.