Kóńgò Rẹ Ńkọ́?

Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí Léfítíkù 19, ẹsẹ 35 àti 36. Ẹni tó bá ti rí i, kó ní "Àmín."

Orí yìí kan náà ni Ọlọ́run ti ní kí á fẹ́ràn ọmọnìkejì wa bí ara wa. Ẹsẹ 18 nìyẹn, gbogbo wa mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ 35? Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wọ inú ọjà. Ó ní ìwọ̀n tó péye àti òṣùwọ̀n tó péye ni kí àwọn èèyàn òun máa lò. Láyé ìgbà náà, òkúta ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú irú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde nílẹ̀ Júdà, tí àmì ṣékélì wà lára wọn. Oníjìbìtì á ní méjì nínú àpò: èyí tó wúwo tó fi ń rà, èyí tó fúyẹ́ tó fi ń tà. Deutarónómì 25:13 ló dẹ́kun ìyẹn.

Àwa ò lo òkúta. Kóńgò la ń lò. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ! Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Tí ẹ bá wò ó láti òkè, ó kún, ó tún rí ṣóńṣó. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni ti èènì. Oníbàárà á ní, "Ìyá, ẹ fi èènì sí i." Ìyá á bu ìkúnwọ́ kan sí i, oníbàárà á ní, "Ẹ ṣé o, ẹ ó tà o." Kò mọ̀ pé ìrẹsì òun náà ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ìyá á san ìdámẹ́wàá lórí ẹ̀.

Òwe 11:1 pe ìwọ̀n èké ní ìríra. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Deutarónómì 7:25 fi pe ère. A ò lè kó ère jáde nílé bàbá wa, kí á wá gbé kóńgò ayédèrú wọlé.

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ má wo àwọn ìyá ọlọ́jà. Ẹni tó dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá, tó kọ aago mẹ́jọ sínú ìwé, ìdí kóńgò tìẹ náà ti wọnú. Bíríkìlà tí wọ́n fún ní àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá, tó fi méjì pamọ́, ńkọ́? Màdáámù tó di owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀ mú, Jákọ́bù 5:4 ní owó iṣẹ́ tí a kò san ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́. Ó lè jẹ́ pé òru ọjọ́ kan náà ni ariwo àdúrà rẹ àti ariwo owó ọmọ yẹn ń dé ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìparí ẹsẹ 36. Ọlọ́run ní òun ló mú wọn jáde kúrò ní Íjíbítì. Kí ni Íjíbítì wá ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n? Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù 5. Fáráò ní òun ò ní fún wọn ní koríko mọ́, kí wọ́n lọ wá a fúnra wọn, ṣùgbọ́n iye bíríkì ò gbọdọ̀ dín. Òṣùwọ̀n méjì nìyẹn! Wọ́n rẹ́ wọn jẹ, wọ́n tún nà wọ́n. Ọlọ́run wá ń sọ fún ẹni tó ti jẹ ìyà yẹn rí pé, ìwọ tí mo gbà lọ́wọ́ Fáráò, má di Fáráò nídìí ọjà rẹ.

Mo mọ̀ pé ìyá kan jókòó síbí tó ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé, "Pásítọ̀, gbogbo wa ní ìsọ̀ wa la ń lò ó. Tí mo bá lo èyí tó pé, tèmi á wọ́n ju tiwọn lọ. Kí làwọn ọmọ mi fẹ́ jẹ?" Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní parọ́ fún yín lórí pẹpẹ pé tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la, ọjà á ya dé lọ́tùn-únla. Oníbàárà míì lè ṣí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èrè. Ẹ sọ iye tó tọ́ sí kóńgò tó pé. Tó bá ní ó wọ́n, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ kó rí ìdí ẹ̀. Tí kò lágbára ẹ̀, ẹ ta ààbọ̀ fún un, kó mọ̀ pé ààbọ̀ lòun rà. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ jọ wà lọ́jà kan náà, ẹ fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra oúnjẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti máa rà á.

Èyí tó ti kọjá ńkọ́? Òfin inú Númérì 5:7 ní kí ẹni tó jẹ̀bi dá a padà pé, kó fi ìdá márùn-ún lé e. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà, ó di 1,200. Sákéù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn 4,000, iye tí Ẹ́kísódù 22:1 bù fún ẹni tó jí àgùntàn. Ó pe ara ẹ̀ lólè! Ẹ̀yìn ìyẹn, ní Lúùkù 19:9, ni Jésù tó ní ìgbàlà wọ ilé yẹn. Ẹni tí ẹ bá mọ̀, ẹ dá tiẹ̀ padà fún un. Àwọn tí ẹ ò mọ̀, ẹ fi tiwọn fún aláìní. Ẹ má gbé e wá sínú àpótí ọrẹ kí ẹ wá fi jẹ́rìí o.

Ẹ dìde. Ẹ gbé ọwọ́ tí ẹ fi ń wọn nǹkan sókè. Bàbá, ẹni tó máa san gbèsè lọ́sẹ̀ yìí, fún un ní ìgboyà láti kan ilẹ̀kùn. Ìyá tó máa ra kóńgò tuntun láàárọ̀ ọ̀la, jẹ́ kó rí owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀ san. Ní orúkọ Jésù.

Àmín.