Bí A Ti Ṣe Mọ Níútírọ́ọ̀nù Tí Ojú Kò Rí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)



Ní ìpàdé èṣín, bàbá wa kan bi àwa olùkọ́ léèrè ìdí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ojú ẹ̀dá kò rí rí. Ìbéèrè náà kò ṣeé fi ẹ̀rín bò. Kí a má purọ́, nígbà tí àwa gan-an wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ńṣe ni a há orúkọ níútírọ́ọ̀nù sórí. A kọ ọ́ nínú ìdánwò, a yege, a kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bí wọ́n ti ṣe mọ̀ ọ́n. Gbèsè ìdáhùn tí a jẹ bàbá wa ni a fẹ́ san lónìí.

Nínú átọ́mù, púrótọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù ń gbé iná mànàmáná dání. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sáré gba inú gáàsì kọjá, yóò fi ipa iná sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì kà á, bí ọdẹ ti ń fi ojú ẹsẹ̀ mọ ẹran tí ó kọjá. Níútírọ́ọ̀nù kò gbé iná kankan. Ó lè la òjé já láìfi ipa sílẹ̀. Kí a tó lè mọ̀ pé ó kọjá, àfi kí ó kọlu ohun mìíràn.

Ní ọdún 1930, Bothe àti Becker ní Jámánì rí i pé bí ìtànṣán pòlóníọ́ọ̀mù bá kọlu irin kan tí a ń pè ní bẹ̀rílíọ́ọ̀mù, ohun kan ń jáde tí òjé kò lè dá dúró. Wọ́n rò pé ìtànṣán gámà ni, èyí tí í ṣe ìbátan ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1932, Irène Curie àti ọkọ rẹ̀, Frédéric Joliot, ní Paris, fi ìda àbẹ́là sí ojú ọ̀nà rẹ̀, púrótọ́ọ̀nù sì ń ta jáde láti inú ìda náà. Ohun ńlá wà níwájú wọn, síbẹ̀ gámà ni wọ́n ṣì pè é.

James Chadwick ní Cambridge kò gbà. Rutherford, ọ̀gá rẹ̀, ti sọ láti ọdún 1920 pé ó ṣeé ṣe kí ohun kan tí kò gbé iná wà nínú átọ́mù, Chadwick sì ti ń wá a láti ìgbà pípẹ́. Ọmọdé tí ń fi kóró kajú ṣeré mọ̀ pé bí kóró kan bá lu kóró ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ẹ̀kejì a fò lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá lu ọlọ, ọlọ kò ní yẹ̀. Gámà kò wúwo rárá. Kí ó tó lè ti púrótọ́ọ̀nù jáde bẹ́ẹ̀, yóò nílò agbára nǹkan bí mílíọ̀nù 50 lórí òṣùwọ̀n fóólítì, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó lè ti ara bẹ̀rílíọ́ọ̀mù jáde kò lè ju nǹkan bí mílíọ̀nù 14 lọ. Nígbà tí ó fi gáàsì náítírójìn dípò ìda, ìṣirò náà tún ń béèrè nǹkan bí mílíọ̀nù 90. Ẹlẹ́rìí tí ó sọ 50 ní àárọ̀, tí ó sọ 90 ní ọ̀sán, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé ohun tí ń kọlù wọ́n wúwo tó púrótọ́ọ̀nù, tí kò sì gbé iná, gbogbo ìṣirò bá ara mu. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1932 ni ó kọ lẹ́tà rẹ̀ sí ìwé ìròyìn Nature. Ní 1935 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Lónìí, a máa ń fi ìda tàbí omi dín eré níútírọ́ọ̀nù kù, nítorí háídírójìn inú wọn ni kóró ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sínú páìpù tí hílíọ́ọ̀mù-3 wà. Gáàsì náà yóò gbé e mì, yóò sì fọ́ sí ẹ̀yà méjì tí ń gbé iná. Iná yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Láti ara ohun èlò bọ́ǹbù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú gáàsì yìí ti ń wá (ẹ wo ibi tí oore lè gbà yọ!), ó sì di ọ̀wọ́n gógó ní nǹkan bí ọdún 2009, tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi yíjú sí bórọ́ọ̀nù. Ní Sáríà ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń mú níútírọ́ọ̀nù jáde fún ìwádìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004.

Nígbà tí a fi kóró kajú kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa ní ẹ̀kọ́ yìí, ọmọbìnrin kan béèrè pé: àwọn tí kò kọlu nǹkan kan ńkọ́? Ojú tì wá díẹ̀, nítorí ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju ìwé tí a mú dání lọ. Òtítọ́ ni pé púpọ̀ ń kọjá láìsí ẹni tí ó kà wọ́n. Olùwádìí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí iwájú orísun tí a ti mọ iye níútírọ́ọ̀nù tí ń jáde láti ara rẹ̀, kí ó lè mọ ìdá tí ẹ̀rọ náà ń mú; láti ibẹ̀ ni yóò ti ṣírò àwọn tí ó sá lọ.

Bàbá wa, ibi tí a bá ìdáhùn dé nìyí. Ìbéèrè tí ó kù, a ń gbọ́.